Déètì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Kọ

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi imú yẹ oúnjẹ wò. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ ṣí abọ́ ọbẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ gbé imú sún mọ́ ọn, kí ẹ wá sọ pé, "Kò tíì bàjẹ́ o." Ojú tó máa fi wò yín, ẹ ó fọwọ́ ara yín da ọbẹ̀ náà nù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsibítù. Òun ló ń mójú tó fíríjì wọn. Kì í ṣe fíríjì bíi ti inú ilé o. Yàrá gidi ni, èèyàn á wọ súwẹ́tà kó tó wọ inú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ìbáà ṣe ìkòkò ọbẹ̀, ìbáà ṣe ìdajì àlùbọ́sà, ẹ̀gbọ́n mi á lẹ tépù funfun mọ́ ọn, á fi bíró dúdú kọ ọjọ́ tí wọ́n sè é àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dà á nù. Ọbẹ̀ ẹran, ọjọ́ mẹ́ta. Ìrẹsì, ọjọ́ kan péré. Ti ẹja, ẹ má wulẹ̀ bi í. Dókítà àgbà kan wá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó má da ẹran díndín kan nù, pé òun ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó da ẹran náà sínú garawa ìdọ̀tí lójú rẹ̀, ó wá dín ẹyin fún un. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Déètì. Orúkọ náà ò bí i nínú rárá, ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ ọn.

Àwa méjèèjì là ń gbé. Ọkọ tirẹ̀ kú, kò sì bímọ. Ọkọ tèmi ò kú, ó kàn jáde lọ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi là ń sọ. Aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sílé. Bí ẹ bá bi àwọn oníbàárà mi, wọ́n á ní ọwọ́ mi dáa ṣùgbọ́n ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Wọn ò purọ́. Ata ni ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń pè mí láti kékeré. Àmọ́ nínú ilé, òun lọ̀gá, tépù funfun yẹn sì tẹ̀lé e wálé. Kò sí abọ́ kan nínú fíríjì wa tí kò ní déètì lórí, títí kan omi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi náà?" Ó ní, "Ṣé omi ni mo kọ ọ́ sí? Ìgò ni mo kọ ọ́ sí."

Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Lọ́dún kan, mo yọ́ lọ mú abọ́ ẹ̀wà kan tó ní òun fẹ́ dà nù, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń ta sánsán, mo jẹ ẹ́. Ẹ má bi mí lóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi tọ́jú mi. Nígbà tí mo lè jókòó, ó ní, "Ata, imú ẹ kì í ṣe dókítà." Látìgbà yẹn ni mo ti fi ọ̀rọ̀ imú sílẹ̀. Bí ebi bá ń pa mí, mo ṣí fíríjì, mo wo tépù, mo jẹun, mi ò tún ronú kankan.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kan lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ebi ń pa mí bí ẹni máa kú. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja jáde, ó gbé e kaná, ó se ìrẹsì sí i. Òun ti jẹ búrẹ́dì, ó ní òun ò jẹ mọ́. Bó ṣe gbé àwo síwájú mi, imú mi gbọ́ nǹkan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ yìí ń kan o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ọmọrí abọ́ wá, ó nà án sí mi. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Déètì àná ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ hàn gbọnrangandan.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo ti kọ irọ́ rí?"

Mo ní rárá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo tiẹ̀ ń rò ó bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ pé ìgbà wo la se ẹja lánàá. Ẹja tí èmi rántí, ọ̀sẹ̀ tí òjò jò sínú ṣọ́ọ̀bù mi la rà á, ìyẹn á sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba ọ̀rọ̀ èèyàn gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kò ní torí ẹja ṣíwọ́. Mo pọ́n àwo lá.

Kó tó di aago márùn-ún, ọ̀rọ̀ ti di yéè. Mo bì títí ó fi ku omi lásán. Ẹ̀gbọ́n mi di orí mi mú lórí garawa, ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún mi, ó ń nu ẹnu mi, ó ń pè mí ní ọmọ ìyá mi, ọmọ ìyá mi. Ó wá bi mí pé, "Kí lo jẹ níta?" Mo gbójú sókè wò ó. Kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. Bóyá ó ti gbàgbé pé òun fún mi lóúnjẹ lọ́sàn-án yẹn ni o, bóyá ó rántí tí ọkàn rẹ̀ ò kàn lọ síbẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Mo ní ẹyin sísè ni mo rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Odidi wákàtí kan ló fi bú ẹni tó ń ta ẹyin.

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo fara ti ògiri dé ìdí fíríjì, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Abọ́ mọ́kànlá ni. Déètì kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, déètì àná. Mo fi èékánná ṣí tépù abọ́ kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, déètì ìjẹta ló wà lórí ìyẹn. Mo tún ṣí ìyẹn, òmíràn tún wà níbẹ̀. Tépù orí abọ́ ẹ̀wà kan ti nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí fíríjì, tó ń wo abọ́, tí kò lè rántí ọjọ́ tí a sè é, tí ẹ̀rù ń bà á, tó wá ń kọ àná.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì láàárín abọ́, gbogbo nǹkan tí mo ti ń rí tí mo sì ń fojú fò bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí mi lọ́kàn. Iyọ̀ tó ń rà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Orúkọ aládùúgbò wa tí kì í rántí mọ́, tó fi máa ń pè é ní "ìyẹn yẹn." Àárọ̀ ọjọ́ kan tó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà sì ń bá mi rẹ́rìn-ín.

Kí ni mo wá ṣe? Mo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ abọ́, mo se ọbẹ̀ tuntun, mo fara wé ìkọ̀wé rẹ̀, mo kọ déètì sí i. Láàárọ̀ kùtù, kó tó jí, mo máa ń lọ yẹ fíríjì wò bí olè. Bó bá kọ àná, màá ṣí i, màá kọ ọjọ́ tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ mí. Mo jágbe mọ́ ọn lórí ọṣẹ lásán-làsàn, mo wá lọ sunkún ní ṣọ́ọ̀bù sórí aṣọ oníbàárà, àfi bí mo ṣe tún aṣọ náà fọ̀.

Oníbàárà kan ló là mí lójú. Ó wá wọn aṣọ, ó ń sọ fún mi pé bàbá òun wà ní ọsibítù, pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, pé a dúpẹ́, ó ti ń jẹun. "Ọbẹ̀ wọn dùn, Àǹtí. Bàbá máa ń pọ́n àwo lá ni." Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ tó kọ déètì ẹja mi, ṣé kì í ṣe òun náà ló ń kọ ti ọbẹ̀ bàbá yìí? Èmi tí ara mi le, ó gbé mi dè. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán níkùn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kì í ṣe pé mi ò rò ó rí. Mo rò ó lọ́jọ́ kìíní, lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, mo lé e lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo rìn díẹ̀, mo dúró, mo tún rìn. Bí mo bá sọ, iṣẹ́ tó jẹ́ ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Kò lọ́kọ mọ́, kò bímọ, bíró dúdú yẹn ló ní. Bí mi ò bá sì sọ, bàbá oníbàárà mi lè kú sórí àwo ọbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń sunkún lójú títì, mo ń rí ọ̀nà ọsibítù kedere, ó sì wù mí kí n má rí i.

Ọ̀gá ilé ìdáná wọn, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mọ̀ mí dáadáa. Ó fún mi ní àga nínú ọ́fíìsì rẹ̀ kékeré tí àpò ìrẹsì kún. Mo ní, "Ọ̀gá, mo wá fi ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi sùn." Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, ojú tì mí bí ẹni tó ta ọmọ ìyá rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ẹja, abọ́ mọ́kànlá, tépù lórí tépù. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má lé e, kó bá mi fọgbọ́n gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Àǹtí, Ìyá Déètì ti gbé bíró sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

"Fúnra wọn ni wọ́n wá bá mi, níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. Wọ́n ní àwọn kọ déètì kan, àwọn ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni, pé kí n gba fíríjì lọ́wọ́ àwọn kí àwọn tó pa aláìsàn. Mo ní ó rẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ní, 'Ọ̀gá, gba bíró.' Wọ́n lọ rí dókítà, dókítà sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, pé iyè wọn ni, pé kò ní padà. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń bó báyìí. Wọ́n sì máa ń fọ abọ́."

"Oṣù mẹ́rin! Ẹ mọ̀, ẹ panu mọ́? Èmi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà? Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ májèlé?" Ariwo mi gba ọ́fíìsì náà kan, ó nawọ́ sí mi pé kí n rọra.

"Wọ́n mú mi búra, Àǹtí. Ẹ má bínú. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ lorí àwọn ti ń dàrú, pé ti ilé ò le, abọ́ èèyàn méjì péré ni. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn bí ọmọ. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kí n ṣì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díẹ̀ sí i.'"

Mo dìde. Mo gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, mo sì rí ẹ̀gbọ́n mi nínú níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó kẹ́yìn sí mi, òkìtì àlùbọ́sà wà níwájú rẹ̀. Ó ń bó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n jẹ́jẹ́ bí ẹni ń to ẹyin. Ẹni tí dókítà àgbà ń bẹ̀ rí! Mi ò lè pè é, mo lọ sílé.

Kó tó dé nírọ̀lẹ́, mo ti pinnu pé màá fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí. Bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti pariwo: "Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù mẹ́rin!" Ó dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Kò bi mí pé oṣù mẹ́rin kí ni. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ọkùnrin sísanra yẹn ò mọ àṣírí í pa mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún mi! Ẹ̀yin!"

"Kí n sọ kí ni fún ẹ? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́ nígbà tí Ìyá kú. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún ẹ lóúnjẹ. Mo ṣèlérí fún Ìyá pé ebi ò ní pa ẹ́, pé ohun burúkú ò ní wọ ẹnu ẹ. Kí n wá jókòó kí n máa sọ fún ẹ pé…" Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. "Ata. Ọjọ́ tó ò ń bì yẹn. Ṣé ẹyin ni?"

Irọ́ kékeré kan péré ni mo nílò. Ẹnu mi tí kì í gbélẹ̀, kò rí i pa. Mo kàn ń wo ilẹ̀.

"Ọbẹ̀ ẹja," ó ní. "O sọ fún mi pé ó ń kan. Mo tún fi ọmọrí hàn ẹ́."

Mi ò rí ẹkún ẹ̀gbọ́n mi rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ló ń ṣìpẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó sunkún bí ọmọdé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí àwọn aládùúgbò má bàa gbọ́. Ó ní, "Mo gbé bíró sílẹ̀ níbẹ̀ kí n má bàa pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo wá wálé wá ń pa tèmi." Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ wò mí, mi ò kú, mo tiẹ̀ tún ti sanra sí i." Kò gbọ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì jinná títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ayé ni mo lè bá jà, ta ni mo fẹ́ bá jà lórí èyí?

A yọ fíríjì kúrò lára iná. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó nu inú rẹ̀ gbẹ, èmi wá ń kó aṣọ tí mi ò tíì rán sí i. Ohun tí a máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ni mo ń sè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó tì o. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu nínú ilé yìí láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a wo ohun tó máa fi òun ṣe.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìsinsìnyí ni mo sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ ò rí èéfín lórí rẹ̀?"

Ó ní, "Bó bá máa ṣe ẹnì kan, kó ṣe mí."

Mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bá a jà. Nígbà tó yá, mo gbà fún un. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ pé òun lè ṣe fún mi nìyẹn. Á fi ṣíbí bù ú, á jẹ ẹ́, á dé abọ́, á kọjú sí aago ara ògiri. Èmi á jókòó tì í, màá máa kùn bí kòkòrò oyin. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, á fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, á ní, "Ó dáa. Jẹun, Ata." Bá a ṣe ń jẹun fún ohun tó ju ọdún kan lọ nìyẹn. Mi ò jẹ oúnjẹ gbígbóná nílé wa mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo se ìrẹsì àti ẹran. Ó tọ́ ọ wò, ó dé abọ́, ó kọjú sí aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Ọgbọ̀n pé, kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé kò wo aago mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ó wo àwo méjèèjì tó wà lórí tábìlì, ó tún wo ẹnu ọ̀nà, ó wá tẹ̀ sí etí mi bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́.

"Oúnjẹ ti ń tutù o. Ta là ń dúró dè?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, ẹ̀gbọ́n mi." Mo ṣí abọ́, mo bu tirẹ̀ fún un kí n tó bu tèmi, a sì jẹun.